Àwọn Òǹkàwé Sẹ̀gilọlá

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ní Allen Avenue, tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ń wọ́ lọ sílé, tí àwọn ọmọge tí òru jẹ́ ọjà fún sì ń jáde ní tiwọn, ẹni tí ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn ni Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, arẹwà Èkó tí ó fi ẹwà ṣòwò títí àìsàn fi dá a dùbúlẹ̀, tí ó wá ń fi omijé kọ ìjẹ́wọ́ ránṣẹ́ sí Akéde Èkó. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó fúnra rẹ̀ kọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí láàárín 1929 sí 1930, ṣùgbọ́n orúkọ Sẹ̀gilọlá ni ó fi sí ìdí wọn.

Àwọn òǹkàwé gan-an ni mo fẹ́ kí kú iṣẹ́. Wọn kò kàwé bí ẹni ń wòran. Wọ́n mú gègé, wọ́n kọ̀wé sí olóòtú, wọ́n bá aláìsàn náà kẹ́dùn bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ni, a sì tẹ èsì wọn jáde. Amòòkùn-ṣolè, bí ọba ayé kò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́: bóyá àṣírí tiwọn ni ìtàn náà ta bà (èmi náà kò yọ ara mi sílẹ̀).

Onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá, Karin Barber, tún àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá gbé jáde ní 2012, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá wọn kà, kí ẹ sì kọ èsì tiyín.