Omi Tí Ń Ṣàn Lójú Kan: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọ̀-Yíyí Mark Ferrari

Oregbeni wà ní òkè Ikpoba, odò Ikpoba sì ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi odò yẹn ń lọ ní tòótọ́. Nínú àwọn àwòrán Mark Ferrari, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, omi ń ṣàn, òjò ń rọ̀, síbẹ̀ ohunkóhun kò kúrò níbi tó wà. Èrò wa ni pé ọnà gidi ni èyí, kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ lásán.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú ìlànà VGA tí IBM gbé jáde ní 1987, àwòrán alámì 320 ní ìbú àti 200 ní òró ní àmì 64,000. Àmì kọ̀ọ̀kan kò gbé àwọ̀ dání. Nọ́ńbà ló gbé, láti 0 dé 255, tó ń tọ́ka sí àtẹ àwọ̀. Àtẹ yìí kò ju báìtì 768 lọ. Ẹni tó ń kọ ètò yóò fi nọ́ńbà àwọ̀ ránṣẹ́ sí ojúnà 3C8h, yóò wá fi ìwọ̀n pupa, ewé àti aró ránṣẹ́ sí 3C9h. Bí àwọ̀ mẹ́jọ bá ń gbapò ara wọn, omi ṣàn nìyẹn.

Àwa olùkọ́ Yorùbá mọ irú èyí. Lẹ́tà kan náà ló wà nínú ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Àmì ohùn nìkan ló yí ìtumọ̀ padà.

Àwọn kan lè sọ pé àìlágbára ẹ̀rọ àtijọ́ ló bí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní 2010 Joseph Huckaby fi HTML5 gbé àwòrán Ferrari sórí íntánẹ́ẹ̀tì. HTML5 kò ní àtẹ àwọ̀. Ńṣe ló kọ ètò tó ṣe àfarawé rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kọjá lọ, ọnà náà kù. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò rọrùn láti mú ènìyàn rìn kọjá nínú rẹ̀. Omi, iná àti ìmọ́lẹ̀ ló bá a mu jù.

Nítorí náà, kí a má ṣe sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ pé láìsí kọ̀ǹpútà alágbára, kò lè kọ́ àwòrán alárìnká. Ìwé onígun mẹ́rin, nọ́ńbà àti àwọ̀ mẹ́jọ tó láti bẹ̀rẹ̀.