Òkun Kì Í Hó Ruru Ká Wà Á Ruru: Òṣùwọ̀n fún Ìdíje Ọkọ̀ Onígbòkun ní Ọ̀sà Èkó

Ẹni tó bá ń wo oníjó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń wá: bí ẹsẹ̀ ṣe ń dá ìlù lóhùn, bí ara ṣe ń yí láìjá. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ onígbòkun kéékèèké bá ń díje lójú ọ̀sà, tí ojú ọ̀run sì ṣú dẹ̀dẹ̀, kí ni kí òǹwòran máa wò? Púpọ̀ nínú wa á ní ẹni tó ṣáájú ni. Èrò mi ni pé ìdáhùn yẹn kò tó, àti pé àwọn àgbà ti fi òṣùwọ̀n tó sàn jù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Nínú ìjì, ọwọ́ tó mọ ìgbà tó yẹ kó dẹ okùn ni ọwọ́ ọ̀gá. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn eré orí omi tí à ń ṣe ní Èkó, kí n sì sọ ibi tí mo rò pé a ti ń gbé oyè fún ẹni tí kò tọ́ sí.

Àdúgbò Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí omi ló gbé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó wá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọ̀nà omi ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà, tí wọ́n fi dé Ẹ̀pẹ́. Ó tó bí ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi wà lẹ́yìn odi. Ní 1862 ni wọ́n padà wálé, tí Òṣòdì Tápà, balógun tó ti jagun fún Kòsọ́kọ́ ní Ogun Olómiró ní 1845, sì kó àwọn ènìyàn tirẹ̀ jókòó sí agbo ilé mọ́kànlélógún ní Erékùṣù Èkó. Orúkọ àdúgbò náà ń sọ ìtàn yẹn títí di òní. Ohun kan wà nínú ogun 1851 tí òǹkọ̀wé eré orí omi kò gbọdọ̀ fò dá. Bloodhound àti Teazer, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì tí ẹ̀rọ ń wà, ni wọ́n fìdí kanlẹ̀ nínú ọ̀sà lójú ogun. Agbára wà lọ́wọ́ wọn, àgbá wà lọ́wọ́ wọn; ibi tí omi ti jìn àti ibi tí yanrìn ti ga ni wọn kò mọ̀ dáadáa. Wọ́n ṣẹ́gun lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀sà ti fi hàn wọ́n pé ẹ̀rọ kì í gba ipò ìmọ̀.

Ọ̀nà omi Èkó sí Ẹ̀pẹ́ tún kọ́ wa ní ohun mìíràn. Lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún, láti orí òkun, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọ Èkó. Ẹni tó bá ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní atẹ́gùn lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Èkó ni yóò kò ó lójú. Ìgbòkun àtijọ́ wa sì jẹ́ aṣọ onígun mẹ́rin tí a fi ọ̀pá nà. Bí atẹ́gùn bá wà lẹ́yìn, kò sí àbùkù lára rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá kọjú síni, a ó ká a, a ó gbé àjẹ̀, a ó sì máa fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ ìdíje òde òní yàtọ̀ ní ti pé ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta, pákó pẹlẹbẹ kan sì wà láàárín ikùn rẹ̀ tí wọ́n ń tì bọ inú omi. Pákó yìí ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn gbá ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá ṣeé ṣe fún un láti gun atẹ́gùn lọ ní igun tó sún mọ́ dígírì 45, kó lọ sápá ọ̀tún, kó yí sápá òsì, ní kọ́lọkọ̀lọ, títí yóò fi dé ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ méjì lè jọ gbéra kí ọ̀kan gba etí ọ̀sà, kí èkejì gba àárín, kí wọ́n má sì mọ ẹni tó ṣìnà títí wọn yóò fi pàdé níbi àmì ìdíje tó wà lójú omi. Ibẹ̀ ni eré yìí ti kọjá eré agbára.

Ojú ọjọ́ tó le jù fún ọkọ̀ kékeré ní ọ̀sà kì í sábà wá láti òkun. Ìlà-oòrùn ló ti ń bọ̀, nígbà tí òjò bá ń wọlé láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti nígbà tí ó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá. Atẹ́gùn òkun á kọ́kọ́ kú. Ìgbòkun á rọ̀ jọwọrọ. Apá Ìkòròdú á dúdú bí aró. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ tútù á já lu omi láti òdìkejì ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ìṣẹ́jú mélòó kan sì tó kọjá, ọ̀sà ti ń hó. Ìṣirò rẹ̀ burú fún ẹni tí kò múra: bí ìyára atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ lára ìgbòkun á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀sà Èkó gùn ju kìlómítà 50 lọ, ṣùgbọ́n kò jìn, ìgbì rẹ̀ sì máa ń kúrú, á ga ṣóńṣó, á máa tẹ̀ lé ara wọn láìfún ọkọ̀ láàyè láti mí.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ọkọ̀ wàyí. Lightning ni ká mú, ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ Sparkman & Stephens yàwòrán rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1938, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 19, tí ènìyàn mẹ́ta ń wọ̀. Nígbà tí ẹ̀fúùfù bá dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó sí etí ọkọ̀ ní apá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, wọ́n á na ẹ̀yìn sójú omi kí ọkọ̀ má bàa dojú dé. Ojú ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú wà lára omi níwájú, torí ibi tí ojú omi bá ti ṣókùnkùn tó sì ń wárìrì, ibẹ̀ ni ẹ̀fúùfù tuntun ti ń bọ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti dẹ okùn ìgbòkun ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ̀fúùfù kọjá, ọkọ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó dìde, ó ta síwájú. Okùn tún ti padà wọlé. Nínú ọkọ̀ kejì, wọ́n fi agídí fa okùn mọ́ra. Ọkọ̀ tẹ̀ kọjá ààlà, ìtọ́kọ̀ yọ kúrò nínú omi, orí ọkọ̀ ṣẹ́ sínú atẹ́gùn, ìgbòkun ń gbá pàpàpà, ọkọ̀ dúró gbagidi. Ẹni tó ń bá atẹ́gùn jà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó gbà fún un ti lọ.

Kí a má rò pé gbígbà yìí jẹ́ ìwà ọ̀lẹ. Paul Elvstrøm, ọmọ Denmark tó gba wúrà Òlíńpíìkì nínú eré ọkọ̀ onígbòkun ní 1948, 1952, 1956 àti 1960, sọ jíjókòó sí etí ọkọ̀ di ẹ̀kọ́ gidi, débi pé ó ń fi àga kọ́ itan àti ikùn rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ara ní láti le kí ọwọ́ tó lè rọ̀. Ẹni tí itan rẹ̀ ti ń gbọ̀n kò lè ráyè wo omi.

Bí atẹ́gùn bá wà lẹ́yìn, òpè á rò pé ewu ti tán. Ibẹ̀ gan-an ló pọ̀ sí. Nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yí ìdí sí atẹ́gùn, igi tó di ìsàlẹ̀ ìgbòkun mú á já kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì lè fọ́ orí ènìyàn tàbí kó da ọkọ̀ dé. Atukọ̀ kan wà tí yóò fi orí là á nítorí mítà mẹ́wàá. Òmíràn á wo ìgbì, á ronú, á sì yí orí ọkọ̀ gba ọ̀nà tó jìn, tó la ojú atẹ́gùn kọjá, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ. Ó pàdánù àyè díẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì wà lórí omi. Lójú olùka-ipò, ó ti rẹ̀yìn. Lójú lámèyítọ́, ìgbésẹ̀ yẹn lè jẹ́ èyí tó dára jù nínú gbogbo ìdíje ọjọ́ náà.

Àwọn tó ṣòfin eré yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin tí àjọ World Sailing ń tẹ̀ jáde sọ ọ́ gbangba pé ọwọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìpinnu wà, bóyá yóò díje tàbí bóyá yóò máa díje lọ. Òfin kìn-ín-ní nínú ìwé náà sì ni pé kí olùdíje ran ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ewu lọ́wọ́. Ní Òlíńpíìkì 1988, ní Pusan ní ilẹ̀ Kòríà, Lawrence Lemieux láti Kánádà wà ní ipò kejì nínú ìdíje irú ọkọ̀ onígbòkun tí wọ́n ń pè ní Finn, nínú ìjì líle, nígbà tó rí ọmọ Singapore méjì tí ọkọ̀ wọn ti dojú dé. Ó fi ìdíje rẹ̀ sílẹ̀, ó yọ wọ́n nínú omi. Àwọn adájọ́ dá ipò kejì náà padà fún un nínú ìdíje yẹn, wọ́n sì fi àmì-ẹ̀yẹ Pierre de Coubertin dá a lọ́lá. Orúkọ ẹni tó gba wúrà Finn lọ́dún yẹn kò sí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́.

Ó wá kù ká fi òṣùwọ̀n yìí wọn tiwa. Rẹ̀gátà Èkó lẹ́wà, kò sí àríyànjiyàn. A ṣe é níbi àjọ̀dún FESTAC ní 1977, a sì tún ṣe é nínú Lagos Black Heritage Festival: ọkọ̀ tí a fi aṣọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ìlù, orin, aṣọ ẹgbẹ́jọdá, àjẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àfihàn ni, ó sì yẹ ká yìn ín bí àfihàn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dán ọwọ́ atukọ̀ wò nínú rẹ̀, ìgbòkun kò sì ní ipò níbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìdíje E1 gbé ọkọ̀ abánáṣiṣẹ́ wá sí ọ̀sà wa, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ojú rí nǹkan. Àmọ́ iná mànàmáná ló ń gbé wọn sáré, nígbà tí wọ́n sì lọ, wọ́n kó ìmọ̀ wọn lọ.

Lagos Yacht Club ni ìdíje ìgbòkun gidi ti ń wáyé, láti 1932 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ nígbà ìjọba amúnisìn. Lightning wà lára ọkọ̀ tí wọ́n ń lò. Ẹni tó bá rìn láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kò ní rìn tó wákàtí kan kó tó dé Oníkàn, àdúgbò ẹgbẹ́ náà. Síbẹ̀ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó mélòó ló ti fọwọ́ kan okùn ìgbòkun rí? Eré náà dára, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kò gbòòrò.

Àwọn tó wọ òṣùwọ̀n mi jù lọ kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ẹni tó bá ń gba orí afárá Third Mainland kọjá láti 1990 tí wọ́n ti parí rẹ̀ ti rí wọn: àwọn tó ń wa yanrìn. Ọkùnrin kan á gba orí àkàsọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà pẹ̀lú garawa, á bu yanrìn, á gòkè, á dà á sínú ọkọ̀, títí tí etí ọkọ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò gán pọ̀, atẹ́gùn á sì gbé wọn lọ sí Bárígà tàbí Òwórónṣòkí. Ẹrù wọn wúwo, àyè àṣìṣe wọn kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Bí ìlà-oòrùn bá ṣú, wọ́n ní láti mọ̀ kí ìgbòkun tó rọ̀, torí ìgbì kan péré tó bá wọlé ti tó. Kò sí òǹwòran, kò sí ife-ẹ̀yẹ, àmọ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe ìdánwò tí ọkọ̀ Lightning ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀.

Ẹnìkan lè ní iṣẹ́ òṣì lèyí, kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Ó tún lè ní yanrìn wíwa ń ba ọ̀sà jẹ́, ó sì ń pa ènìyàn. Òótọ́ wà níbẹ̀, n kò sì sọ pé ká máa fi ewu wọn ṣeré. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdẹ ló bí ìjálá, kò sì sí ẹni tó sọ pé ìjálá kì í ṣe ọnà nítorí pé ẹran ni wọ́n ń pa. Ní Lamu, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun wá oúnjẹ òòjọ́ náà ni wọ́n ń fi í díje nígbà àjọ̀dún, tí gbogbo ìlú ń jáde wò wọ́n. Ìdíje yẹn kò sọ wọ́n di olówó, ó sọ ìmọ̀ wọn di ohun tí ọmọdé fẹ́ kọ́.

Ohun tí mo ń bẹ ìjọba Èkó àti LASWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi Èkó, fún kò pọ̀. Kí rẹ̀gátà tó ń bọ̀ ní ìdíje ìgbòkun fún àwọn awayanrìn àti àwọn apẹja Mákòókò, láìsí ẹrù nínú ọkọ̀, kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù amúniléfòó, kí ọkọ̀ adóòlà wà nítòsí, kí a sì kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí NiMet, àjọ asọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, bá sọ. Kí ìjókòó àwọn adájọ́ ní ẹni tó mọ ìgbòkun, tó lè fi máàkì fún ọwọ́ tó dẹ okùn lásìkò àti fún ọkọ̀ tó yà kúrò láti ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kí ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tó bá fẹ́ kọ́ ọ rí olùkọ́. Títí a ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìdájọ́ mi dúró: àwọn awayanrìn ni ọ̀gá ìgbòkun ní Èkó, rẹ̀gátà tí kò bá sì ní ipò fún wọn kò tíì pé.