Ìwúkàrà Wo Ló Yẹ Tchoukoutou?

Nígbà tí a bá ń dá ọtí lẹ́jọ́, ọkà àti omi ni a sábà máa ń yìn tàbí bú. A kì í rántí ìwúkàrà, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló ń sọ omi ọkà di ọtí. Ní Bétérou wa yìí, níbi tí Nago, Bàrìbá, Fúlàní àti àwọn tó ṣí wá láti Atacora ti jọ ń gbé lẹ́bàá odò Ouémé, ìmọ̀ràn kan ń lọ láti ẹnu dé ẹnu: kí àwọn apọntí pa kpètè-kpètè tì, kí wọ́n máa ra ìwúkàrà àwọn oníbúrẹ́dì, nítorí pé ó mọ́ jù, ó sì yá jù. Òótọ́ wà nínú ìmọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n a kò rò pé ẹni tó ń fúnni ní i ti tọ́ ọtí méjèèjì wò dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà bí àwọn ìyá apọntí ti ń ṣe é. Wọ́n á rẹ ọkà bàbà, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́. Wọ́n á po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi, wọ́n á fi í sílẹ̀ mọ́jú títí yóò fi kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e kaná kí ó hó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nígbà tó bá tutù ni wọ́n á da kpètè-kpètè sí i. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná ni kpètè-kpètè, èyí tí wọ́n tọ́jú de ti ọ̀la. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọtí pupa tí kò mọ́ gaara náà á máa hó nínú igbá, agbára rẹ̀ á tó nǹkan bí ìdá 4 nínú 100. Ọtí tó ṣì wà láàyè ni à ń mu.

Níbi tí wọ́n ti gbé e kaná yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Iná ti pa gbogbo ohun tó mú omi ọkà kan lóru àkọ́kọ́. Kíkan náà ṣẹ́ kù lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwọn tó mú un wá ti kú. Kpètè-kpètè ló ń mú irú wọn padà wá, nítorí ìwúkàrà nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀: àwọn kòkòrò tíntìntín irú èyí tí ń mú wàrà kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwúkàrà ń ṣe ọtí àti ìfófó. Àwọn wọ̀nyí ń ṣe kíkan kejì. Ìwúkàrà oníbúrẹ́dì á fún wa ní ọtí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì yóò fún wa ní tchoukoutou.

Ní 2013, Greppi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí àwọn ìwúkàrà inú ògì, mawè, gowé àti tchoukoutou ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Saccharomyces cerevisiae jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n rí nínú tchoukoutou. Orúkọ kan náà ni ìwúkàrà oníbúrẹ́dì ń jẹ́, ẹlòmíràn a sì fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ọ̀kan náà ni wọ́n. A kò gbà. Ajá ọdẹ àti ajá ilé, ajá ni wọ́n ń jẹ́; ẹ mú méjèèjì wọgbó kí ẹ wò ó.

Síbẹ̀, kí a má bú ìyá tó ra ìwúkàrà inú àpò. Kpètè-kpètè tó bàjẹ́ yóò ba odindi ìkòkò jẹ́, àti ọkà, àti igi ìdáná, àti owó ọjà. Ẹni tí kò pọn ọtí fún ìgbà díẹ̀ á ní láti lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò tí wọ́n jọ ń du oníbàárà. Àwọn tó ń pariwo àṣà nínú ìpàdé kọ́ ló ń ru àdánù yìí.

Ìfẹ́ sí ìwúkàrà mímọ́ ní ìtàn. Pasteur tẹ ìwé rẹ̀ lórí bíà jáde ní 1876. Ní 1883, Emil Christian Hansen ya ẹ̀yà ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní ilé-ìwádìí Carlsberg ní Copenhagen. Lónìí, àwọn tó ń pọn pale ale nínú ilé wọn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń ṣa ìwúkàrà bí ẹni ń ṣa aṣọ: ọ̀kan dákẹ́, ó ń jẹ́ kí òdòdó hops gbérí, òmíràn ń mú òórùn èso wá. Ìmọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ ìwọ̀n ooru 18 sí 22. Ta ni yóò bá wọn wá irú òtútù bẹ́ẹ̀ ní Bétérou nínú oṣù kẹta? Ẹ wá wo Nọ́wè. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ tọ́jú kveik, ìwúkàrà wọn, láti ìran dé ìran, wọ́n ń sá a gbẹ lórí òrùka igi. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ooru 30 sí 40. Àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń dì í sínú àpò báyìí, wọ́n ń tà á fún àwọn apọntí káàkiri ayé.

Bí a bá bi wá, kpètè-kpètè ni a ó mú, nítorí ẹnu wa, kì í ṣe nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun tó sì kù tí a fẹ́ kà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ni ìtàn rẹ̀: láti ọwọ́ ta ni, láti abúlé wo, báwo ni wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ọkà wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń kọ́ SVT lè bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyá apọntí tó sún mọ́ wọn ibi tó ti gba kpètè-kpètè rẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ ní èdè tí ìyá náà fi dáhùn.