Danfo Tí A Ó Máa Sùn Sí

Kí Bàbá mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan, ó yí danfo náà ká lẹ́ẹ̀mẹta láì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ó ki ìka ọwọ́ bọ àlàfo tó wà láàárín táyà àti irin tó bò ó lórí. Ó gba ìka mẹ́rin. Ó lọ sí apá òsì. Ìka mẹ́ta ló wọlé, ìkẹrin há sí ìdajì. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ òun wọn atẹ́gùn inú táyà méjèèjì, iye kan náà ló wà níbẹ̀. "Kì í ṣe táyà," ló wí. "Ara rẹ̀ ló tẹ̀ sósì. Omi á bọ́ sí ọ̀tún."

Láti ìgbà tí mo ti ń bá onímọ́tò ṣe, n kò rí ẹni tó fi ìka ọwọ́ mọ ibi tí omi ìdáná yóò gbé nínú ọkọ̀ rí.

Èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi la fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún rìn yí apá òkè Òkè-Ògùn ká, ká máa sùn sínú ọkọ̀: láti Ṣakí gba Agọ́-Àmọ̀dù àti Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ sí Ìgbòho, ká dé Kíṣí àti Ìgbẹ́tì, ká sì padà. Danfo Volkswagen àtijọ́ la rí, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn tí kì í sì í lo omi. Ọkọ̀ náà kì í ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ yìí. Ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Jámánì, kò sì pé ọdún méjì tí ilé-iṣẹ́ Westfalia fi ń kan ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ máa rìn kiri. Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Èkó ní 1975. Lọ́dọ̀ tiwa, èrò ló ń gbé, a sì ń pè é ní danfo. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti ń fi ọkọ̀ rìn kiri ṣáájú ìgbà náà. Àwọn eléré alárìnjó bíi ti Hubert Ògúndé kó aṣọ, ìlù àti òṣèré sínú ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bàbá ti wa danfo rí kó tó di mẹkáníìkì, ó sì mọ iṣẹ́ káfíńtà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ṣakí, níbi téèyàn ti ń wo Òkè Àṣàbàrí lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìjókòó ló kọ́kọ́ yọ. Bóòtù tó dì wọ́n mọ́lẹ̀ ti dípẹtà. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ fi agbára tú u, Bàbá gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó po kẹrosíìnì mọ́ ọ́ìlì díẹ̀ nínú agolo, ó kán an sí ìdí bóòtù kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ jẹun. Nígbà tó dé, ó yí èyí àkọ́kọ́ díẹ̀ síwájú, ó dá a padà sẹ́yìn, ó tún tì í síwájú, títí tí ìró rẹ̀ fi yí padà láti ìdún gbígbẹ sí ìdún jẹ́jẹ́. Ìgbà yẹn ló tó yí i jáde. Kò sí ìkankan tó ṣẹ́.

Ibùsùn ló gba àkókò jù. Ara danfo kò gún. Ògiri rẹ̀ tẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé ojú fèrèsé, ìtẹ̀ ọ̀tún kò sì bá ti òsì mu nínú ọkọ̀ tó ti gbá nǹkan rí. Téèpù kò lè wọn èyí. Páálí ni Bàbá lò. Ó gé e, ó tì í mọ́ ògiri, ó wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ láàárín, ó fi abẹ fá a díẹ̀, ó tún tì í. Ó ṣe é tó ìgbà méje tàbí mẹ́jọ kí ìmọ́lẹ̀ tó tán pátápátá. Nígbà náà ló tẹ́ páálí lé pákó, ó fi pẹ́ńsù fà á, ó mú ayùn. Pákó afàrà ló yàn. Apá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, igi tó le dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀kùn ilé ló yẹ apá, pé bó bá wọ inú ọkọ̀, epo la ó máa fi gbé e.

Kò kan ìṣó kankan. Ìṣó máa ń yọ orí jáde nígbà tí ọ̀nà bá ń gbọ̀n ọ́n. Sìkúrúù àti bóòtù ló lò, ó sì tẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ sí gbogbo ibi tí pákó ti fara kan irin, kí wọ́n má baà máa ké síra wọn lóru. Apá ẹ̀yìn ibùsùn ní ìdè tó ń ṣí sókè, torí ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣọ́ra kí pákó má dí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ẹ́ńjìnnì yìí fi ń tutù.

Rọ́bà náà, tíúbù táyà ọkọ̀ ńlá ló ti rí i. Mo dúró wo bó ṣe gé e. Ó ti ọ̀bẹ bọ omi ọṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ láti etí kan, ó sì ń yí tíúbù bí ẹni tó ń bó ọsàn, ọ̀bẹ kò kúrò lójú kan. Okùn kan ṣoṣo ló jáde, ó gùn, ìbú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ níbì kankan tí ojú mi lè rí. Bí ọ̀bẹ bá gbẹ, rọ́bà á mú un, etí rẹ̀ á sì já wúruwùru. Ibi tó bá já wúruwùru ni yóò ti fà ya.

Okùn yìí ló fi de kẹ́ẹ̀gì omi méjì, lítà 25 kọ̀ọ̀kan. Omi lítà kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà àádọ́ta kílò ló ń gbé kalẹ̀. Kò gbé e sẹ́yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti wúwo tẹ́lẹ̀. Ó gbé e ka iwájú táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, torí dẹ́rẹ́bà náà, òsì ló ń jókòó sí. Ó de okùn náà tan, ó fà á le, ó fi ara ti kẹ́ẹ̀gì. Kò mì. Ó ní kí n jókòó sáyè dẹ́rẹ́bà, ó tún lọ ki ìka bọ ìdí táyà. Ìka mẹ́ta ní ọ̀tún, ìka mẹ́ta ní òsì.

Gáàsì kékeré tí a fẹ́ máa fi dáná, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló fi sí, kó lè rọrùn láti gbé jáde, nítorí ìta ni kí a ti máa dáná. Lábẹ́ rẹ̀, ó lu ihò méjì sí ilẹ̀ ọkọ̀, ó fi àwọ̀n irin bò wọ́n. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí, ihò náà ni yóò gbà jáde. Rẹwáyà wá fi bátìrì kejì sí i fún iná àti fóònù, kí iná òru má baà jẹ bátìrì tó ń sítáàtì ọkọ̀.

Ọjọ́ kejì, Bàbá dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú oòrùn. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù kó tó ṣe tápẹ́ẹ̀tì, nítorí ooru ń mú irin wú. Mẹ́jọ ni wọ́n. Ó mú ewé irin tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 0.15 mílímítà, tí kò tó ìwé méjì, ó fà á gba àlàfo kọ̀ọ̀kan kọjá, ó di ojú. Kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ já gaara. Èkarùn-ún kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tú u, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́lítì fáànù, ó rì tó sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Ó so bẹ́lítì tuntun kan mọ́ abẹ́ ìjókòó fún ọ̀nà.

Bó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń sọ bí a ó ṣe sùn. Ká ti dúró ṣáájú aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ká má rìn lóru rárá. Ká kọ́kọ́ lọ kí Baálẹ̀ ká tó tú ẹrù. Kí imú ọkọ̀ kọ sí ojú ọ̀nà. Kí fèrèsé méjì ṣí díẹ̀ lẹ́yìn àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ẹnikẹ́ni má sì tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nígbà tí èèyàn bá sùn. Tí a bá fẹ́ wọ igbó ọba ti Ọ̀yọ́-Ilé, tó gba ilẹ̀ kìlómítà 2,512 níbùú lóròó, ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ni ká kọ́kọ́ lọ.

Ní ọ̀sán, ó mú ṣọ́ọ̀kì funfun, ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sára irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣe é fún gbogbo nọ́ọ̀tì tó dì, mẹ́rìnlélógún. Ó wa danfo náà lọ sí ọ̀nà olókùúta kan lẹ́yìn ìlú, òun nìkan, rédíò ní pípa. Wákàtí kan ló lò. Nígbà tó dé, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ń ka ìlà. Méjìlélógún gún. Méjì ti yẹ̀, ìdí ẹsẹ̀ ibùsùn lápá òsì ni méjèèjì wà. Ó tú wọn, ó fi wáṣà kejì sí i, ó dì wọ́n, ó fa ìlà tuntun.

Ó wá fi ìyókù ṣọ́ọ̀kì náà lé mi lọ́wọ́. "Tí o bá dé Ìgbòho, kí o tó sùn, yẹ àwọn ìlà náà wò."