Ọmọ Ìyá Ni Wọ́n Níwájú

Bí àgbẹ̀ bá wa píkọ́ọ̀pù Píjó 504 wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Aràmọ̀kọ, tó ní kí n bá òun wá ìlẹ̀kùn mìíràn, n kì í wá píkọ́ọ̀pù kiri. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á kọ́kọ́ béèrè káàkiri ìlú pé ta ló ní sàlúùnù tàbí sitéṣọ̀n wágọ̀n tó ti kú sí ẹ̀yìnkùlé. Àgbẹ̀ á máa wò wá bí ẹni pé a kò gbọ́ ohun tí òun wí.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé láti bọ́ńpà iwájú dé ìlẹ̀kùn awakọ̀, ọmọ ìyá ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà, dígí iwájú, ìlẹ̀kùn iwájú: ẹ bọ́ wọn lára ọ̀kan, ẹ fi wọ èkejì, á gbà. Ẹ̀yìn ni kálukú ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Láti táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 274 ni sàlúùnù, 290 ni sitéṣọ̀n. Píkọ́ọ̀pù ní tirẹ̀ gbé ẹrù lé sípírìn pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn bí abẹ, nítorí kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń kó gba òkè Ẹ̀fọ̀n lọ sí Iléṣà kì í ṣe ẹrù kékeré. Kí ènìyàn mọ ibi tí ìbátan parí sí, iṣẹ́ wa nìyẹn.

Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ PAN ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjó pọ̀ fún wa níbí. Nígbà tí Faransé pa sàlúùnù 504 tì ní 1983, Kàdúná ò tì í pa tì. Ó ń to tirẹ̀ lọ títí ó fi kọjá ọdún 2000. Ìdí nìyẹn tí òkú 504 fi pọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ní ilẹ̀ wa. Bí a bá wá a tì níbí, a ó lọ sí Araromi ní Gate, n'Íbàdàn, tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni ó ṣìnà, ẹ̀yìnkùlé la sì ti máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá rí òkú ọkọ̀, n kì í wo ọ̀dà rẹ̀. Màá fi eegun ìka kàn án. Irin á dún, bọ́dì fílà tí wọ́n fi ń dí ojú àlébù á dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni màá mú òòfà tí mo yọ lára sípíkà rédíò, tí mo fi aṣọ wé, kí n fi rìn án láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó bá ti já bọ́, wọ́n ti fi fílà bo nǹkan mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Màá tẹ ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn, níbi tí omi òjò ti máa ń dúró nígbà tí erùpẹ̀ bá dí ihò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Màá wo ọwọ́ ìlẹ̀kùn pẹ̀lú: ti àtijọ́ yọ síta, ti ìgbẹ̀yìn wọnú. Èyí kò ní kí ìlẹ̀kùn má wọlé, àmọ́ ojú á máa rí i.

Okùn ni mo fi ń parí rẹ̀. Ìyà ló kọ́ mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, mo ra ìlẹ̀kùn kan tó ń dán, mo gbé e dé, kò tì. Mo lù ú, mo fi gáàsì yọ́ ìdè rẹ̀, mo tún un dè, síbẹ̀ igun òkè ṣì yọ síta ní ìwọ̀n àtàǹpàkò. Nígbà tí mo pa dà lọ wo ọkọ̀ tó ti wá, mo rí i pé wọ́n ti gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí. Ìlẹ̀kùn ti lọ́, ojú lásán ò sì lè rí i. Láti ọjọ́ náà, màá na okùn láti igun òkè ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ òsì, màá sì na án ní ìdàkejì. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, mo ti ń lọ sílé nìyẹn.

Ti ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, a kì í wá a lára ọkọ̀ mìíràn. Kápẹ́ńtà la máa ń pè láti Ẹ̀fọ̀n. Ó kúkú bá a mu, nítorí ìlú agbẹ́gilére ni Ẹ̀fọ̀n. Agbọnbíofẹ́ Adéṣínà, tó kú ní 1945, ló gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláayè, ọba wọn. Pátákó ìrókò tí kápẹ́ńtà bá kàn sẹ́yìn ọkọ̀ máa ń pẹ́ ju irin tí mo lè lù lọ. Mo gbà fún un.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, a rí sàlúùnù kan ní Ìjerò, lẹ́yìn ilé màmá arúgbó kan. Ọkọ rẹ̀ ló ni ín kó tó dolóògbé, adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀ báyìí. Mo kàn án, ó dún. Mo na okùn, ó dọ́gba. A dúnàádúrà, Màmá gbà pé kí n bọ́ ìlẹ̀kùn iwájú méjèèjì, àmọ́ ó bẹ̀ mí pé kí n fojú fo ti ẹ̀yìn, torí àwọn adìẹ òun.

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ti ẹ̀yìn ò bá wa tan."