"Ti" àti "Lè": Èdè Àwọn Aláṣẹ Ìgbì Rédíò Níwájú Àwọn Oníntánẹ́ẹ̀tì Aláìlówáyà

Àwọn tó jókòó ní kíláàsì síńtáàsì mi láyé ìgbà náà yóò rántí pé mo máa ń sọ pé bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan, ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọ̀kan nínú yín ló gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé mi lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá. Ó ti fi ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè sílẹ̀ tipẹ́. Àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ló wà báyìí, ó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì aláìlówáyà fún àwọn àgbẹ̀: á gbé ẹ̀rọ sórí àká àgbàdo gíga kan, á dojú rẹ̀ kọ ilé oníbàárà, ó parí. Ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi láti àpérò ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò bíi tirẹ̀, WISPA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004. Àwọn aláṣẹ FCC, àjọ tó ń ṣàkóso tẹlifóònù àti ìgbì rédíò ní Amẹ́ríkà, máa ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. "Prof, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ," ó ní. "Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì wá ti àwọn ọdún mìíràn kún un. Mi ò ní dárúkọ asọ̀rọ̀ kankan, torí ẹjọ́ tí mo ní kì í ṣe pẹ̀lú ẹnì kan. Èdè tí gbogbo wọn jọ ń sọ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ohun tó kọ́kọ́ gbà mí létí ni bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ àjọ náà tó bá gorí pèpéle sábà máa ń sọ ṣáájú ohunkóhun pé èrò ọkàn òun lòun fẹ́ sọ, kì í ṣe ti àjọ. Ẹ fojú inú wo ìlàrí Aláàfin, tó gun ẹṣin dé ìlú pẹ̀lú ìdajì orí tí wọ́n fá, tó wá ní, "Tèmi ni mo fẹ́ sọ o, kì í ṣe ti Kábíyèsí." Ta ni yóò tẹ́ ẹní fún un? Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ti ibí yìí tún yàtọ̀: iṣẹ́ ọba ni wọ́n rán wọn, wọ́n ń fi ti ara wọn jẹ́ ẹ.

Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn ṣá. Ọ̀rọ̀ tó bá wà níwájú àjọ, ìbò àwọn kọmíṣánnà ló ń sọ ọ́ di òfin, kì í ṣe ẹnu òṣìṣẹ́ kan. Ìlànà tún wà pé ẹni tó bá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí aráyé lè rí i. Ìṣọ́ra wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wọ bàálù wá síbẹ̀ torí èrò ọkàn ẹnì kan. Ti àjọ ni wọ́n wá gbọ́, ti àjọ náà ni wọ́n sì ń gbọ́, bí asọ̀rọ̀ tilẹ̀ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá lágbára, kò ní olówó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí gírámà tó tẹ̀ lé e ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu wọn ni "served". Ilé báyìí báyìí ti jẹ́ "served", báyìí báyìí ṣì jẹ́ "unserved". Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní Yorùbá. Èdè wa kò ní passive, ẹ̀yin tí mo kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì lè ní ilé kan "is served" kó sì dákẹ́ lórí ẹni tó ṣe é. Tiwa kò gbà bẹ́ẹ̀. A ní láti fi olùwà sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ "wọ́n" lásán. "Wọ́n ti mú íntánẹ́ẹ̀tì dé ilé náà." Kété tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ìyá àgbà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yóò bi yín pé, àwọn wo? Ta ló sì rí i?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àjọ pé òun ti dé ibẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ Form 477 ni wọ́n fi ń ṣe é. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti pín sí ègé kéékèèké fún ètò ìkànìyàn. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá dé ilé ẹyọ kan ṣoṣo nínú ègé kan, àní bó bá lè dé ilé ẹyọ kan, gbogbo ègé náà di "served". Nínú ìlú ńlá, ègé bẹ́ẹ̀ lè má ju ilé díẹ̀ tí òpópónà mẹ́rin yí ká. Ní oko, ó lè gba ọ̀pọ̀ máìlì. Ilé kan ní íntánẹ́ẹ̀tì létí títì, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn òkè sì ti wọ inú ìwé pé wọ́n ní in.

Ẹ ẹ̀ rí i pé "lè" ti yọ́ wọlé? "Ó ti dé" àti "ó lè dé" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. "Dé" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní òpin: ẹni tó ṣì wà lọ́nà kò tíì dé. Bí mo bá ní ọmọ mi ti dé láti Èkó, ẹ ó retí láti rí i nínú ilé. Bí mo bá ní ó lè dé, ẹ ò ní tíì gúnyán. "Served" kó méjèèjì sínú àpò kan, ó sì so ó lẹ́nu.

Ìjọba Amẹ́ríkà rí ìṣòro ègé yìí. Òfin kan tó jáde ní Oṣù Kẹta 2020 pàṣẹ pé kí àjọ ya máàpù tuntun tó ń wo ilé kọ̀ọ̀kan, máàpù náà sì jáde ní Oṣù Kọkànlá 2022. Ó sàn ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì, ará ilé pàápàá sì lè takò ó. Síbẹ̀ "lè" kò kúrò níbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá lè so ilé kan mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, ó ti tó láti kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn aláìlówáyà sì lè fi kọ̀ǹpútà ṣírò ibi tí ìgbì wọn yóò dé. Ọmọ mi yìí fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi pé ilé kan wà tí íntánẹ́ẹ̀tì òun ń dé geere nígbà òtútù. Tí igi bá wá rúwé, ó di pé kò dé mọ́, torí ewé tútù máa ń gba ìgbì náà mu. Lórí máàpù, igi kì í rúwé.

"Broadband" náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ a máa yí ìtumọ̀ padà bí ẹnu àwọn tó ń sọ ọ́ bá ṣe ń yí, ó sì lè gba ìran kan sí méjì. Ti èyí, ìbò ni wọ́n ń dì lé e. Ní 1999, kilobit 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni FCC ń pè bẹ́ẹ̀. Ní 2010 ó di megabit 4 fún gbígbà wọlé, 1 fún fífi ránṣẹ́. Ní Oṣù Kìíní 2015, 25 àti 3. Ní Oṣù Kẹta 2024, 100 àti 20. Ẹlòmíràn sùn bí ẹni tó ní, ó jí bí aláìní, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n má yí i o. Ohun tí ilé kan ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ní 1999 kọ́ ló ń fi í ṣe lónìí. Ṣùgbọ́n bí aláṣẹ bá dìde tó ní iye àwọn tó ní "broadband" ti pọ̀ sí i, ó yẹ kó sọ ti ọdún wo, bí a ṣe ń béèrè pé náírà ọdún wo.

Ibi tó ń ta ọmọ mi lára jù la dé yìí. Ìgbì rédíò kan wà tí ìjọba ń ta ní gbàǹjo fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, òmíràn sì wà tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan kọ́bọ̀. Ní 1985 ni FCC ṣílẹ̀kùn àwọn ìgbì kan, tó fi mọ́ èyí tí ààrò máíkírówéèfù ń lò, fún irú ìbánisọ̀rọ̀ tuntun kan láìgba ìwé àṣẹ. Ààtàn ni wọ́n ka ibẹ̀ sí. Lórí ààtàn yẹn ni Wi-Fi hù sí, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn aláìlówáyà oko wọ̀nyí ti ń jẹun. Ẹ yí róútà inú pálọ̀ yín dojú délẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí orúkọ FCC lábẹ́ rẹ̀ tàbí nínú ìwé pélébé tó bá a wá. Tèmi ní Ìbàdàn ní in. Òfin méjì ló kọ síbẹ̀, mo sì túmọ̀ rẹ̀ báyìí: ẹ̀rọ yìí kò gbọdọ̀ dí ẹlòmíràn lọ́wọ́, bí ẹlòmíràn bá dí i lọ́wọ́, kó gbà á mọ́ra. Ó dà bí ohun tí ìyá ọkọ ń sọ fún ìyàwó tuntun. Síbẹ̀ gbólóhùn tó dára ni, torí ó ní olùwà. Ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Orúkọ tí wọ́n wá fún ìgbì yìí ni "unlicensed". Yorùbá yóò ní kí ẹ yan ọ̀kan: ṣé èyí tí kò níwèé àṣẹ ni, àbí èyí tí kò nílò ìwé àṣẹ? Awakọ̀ tí kò níwèé àṣẹ, ọlọ́pàá ń wá a. Ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ìwé kò nílò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì Bìrìtìkó àti ti Kánádà mọ ìyàtọ̀ yìí, "licence-exempt" ni wọ́n ń lò. Ti Amẹ́ríkà fi àbùkù díẹ̀ lé e lórí, àbùkù náà sì padà wá ná wọn lówó.

Òfin 2021 ya dọ́là bílíọ̀nù 42.45 sọ́tọ̀ láti mú íntánẹ́ẹ̀tì dé ibi tí kò tíì dé. NTIA, tó wà lábẹ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ìṣòwò, ló ń bójú tó o. Ní 2022, ìlànà wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì tó ṣeé gbára lé nìkan ni àwọn yóò kà, wọ́n sì ní èyí tó ń gba orí ìgbì aláìgbàwé-àṣẹ nìkan kọjá kò sí lára rẹ̀, bó ti wù kó yára tó. Ìdí tí wọ́n rí ni pé àwọn ẹlòmíràn lè dí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Àmọ́ ìwé àṣẹ kọ́ là ń fi wọn bí nǹkan ṣe ṣeé gbára lé sí. Ṣe ni à ń wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Èmi tí mo ń lo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ oníwèé àṣẹ láti ọdún mélòó kan mọ ohun tí mò ń sọ. Ní Oṣù Kẹfà 2025, NTIA kan náà yí ìlànà padà. Irú íntánẹ́ẹ̀tì yìí lè wọlé báyìí bó bá mú ẹ̀rí wá.

Ọmọ mi pa àtẹ́wọ́. Èmi ò tíì pa á. Torí ẹ wò ó: ilé tí wọ́n bá ti kà sí "served", owó ìjọba kò ní wá síbẹ̀ mọ́, wáyà fíbà olówó ìrànwọ́ kò ní kọjá níbẹ̀. Ó yé mi pé oníṣòwò kékeré tó fi owó ara rẹ̀ gun àká kò fẹ́ kí ìjọba fowó ran ẹni tí yóò gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn igi yẹn ńkọ́? Aláṣẹ ní "wọ́n ti", oníṣòwò ní "a ti", kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé ṣé o ti? Nínú gbogbo fídíò tí mo wò, àwọn méjì yẹn náà ni wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹrú "ti dé" ni àgbẹ̀ yẹn, kò sì sí nínú gbọ̀ngàn.

Èdè yìí kò dúró sí Amẹ́ríkà. "Unserved" àti "underserved" wà nínú òfin ìbánisọ̀rọ̀ tiwa ti 2003, níbi tó ti dá owó àkànlò sílẹ̀ fún irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀, àwọn aláṣẹ NCC sì ń sọ ọ́ níbi àpérò tiwọn náà. Ètò íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ fún 2020 sí 2025 fẹ́ kí ó dé 70 nínú ọgọ́rùn-ún. 2025 ti lọ, a ò dé ibẹ̀. Ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n ń kà: síìmù ni, kì í ṣe orí ènìyàn. Síìmù méjì ló wà lọ́wọ́ mi, mo ti di ẹni méjì. Ní 2024, NCC tún ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò, iye láìnì tó ń ṣiṣẹ́ sì já láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 219 ní Oṣù Kẹta sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 154 ní Oṣù Kẹsàn-án. Mo yìn wọ́n fún un, kò rọrùn fún aláṣẹ láti sọ pé iye tí òun ti ń kà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní abúlé wa, àmì 4G máa ń hàn kedere lórí fóònù mi. Bí mo bá fẹ́ fi ohun tí mo kọ ránṣẹ́, mo máa ń wa mọ́tò lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì ńlá.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ọmọ náà kí n tó gbé e síbí. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní bó bá di àpérò tó ń bọ̀, òun yóò dìde nígbà ìbéèrè, òun yóò bi àwọn aláṣẹ bóyá "ti" ni wọ́n ń wí àbí "lè". Mo ní kó kọ́kọ́ dá mi lóhùn lórí ilé tó wà lẹ́yìn igi yẹn, èwo ló kọ ránṣẹ́ sí àjọ. Kò tíì fèsì.