Ẹ̀rọ Agbóhùnjáde Alágbèéká àti Ohùn Ìlù: Àgbéyẹ̀wò Gbígbọ́ Orin Àpàlà ní Fìdítì

1.0 Ìfáárà

Nígbà tí lámèyítọ́ bá ń ṣe àtúpalẹ̀ orin Yorùbá, ọ̀rọ̀ ẹnu akọrin àti ọgbọ́n ìsọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó sábà máa ń gbájú mọ́. Ẹ̀rọ tí ó gbé orin náà dé etí rẹ̀ kì í sí lára ohun tí ó ń yẹ̀ wò, bí ẹni pé igbá ìbumi lásán ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni, igbá tí ó bá ń jò kì í gbé gbogbo omi délé. Ète iṣẹ́ yìí ni láti fi ẹ̀rọ agbóhùnjáde mẹ́ta wé ara wọn: giramafóònù alápótí, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àti fóònù alágbèéká. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí ohùn rẹ̀ kún jù lọ lè má jẹ́ èyí tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ìlù ń sọ.

Orin àpàlà ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, ìdí méjì ni ó sì wà fún èyí. Èkínní ni pé àpàlà ti bá gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí pàdé. Láti 1948 ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, tí ó kú ní 1983, ti ń gba orin sílẹ̀. Orin rẹ̀ àti ti Àyìnlá Ọmọwúrà, tí ó kú ní 1980, ti ti orí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù bọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì kí ó tó dé inú fóònù. Èkejì ni pé ohùn inú orin Hárúnà pín sí ìpele mẹ́ta tí ó hàn gbangba: agídìgbo ń dún nísàlẹ̀, gángan ń sọ̀rọ̀ láàrin, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń ṣán lókè. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń dán ẹ̀rọ wò ní ọ̀nà tirẹ̀.

Fìdítì ni a yàn gẹ́gẹ́ bí ibi ìgbọ́rin. Ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni ìlú náà wà, ọjà èso rẹ̀ sì jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní ọ̀sán, ariwo ọkọ̀ àti ti àwọn ọlọ́sàn ni orin ń bá du etí olùgbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ojú ọ̀nà pa lọ́lọ́, ẹ̀rọ kan náà á wá dà bí òmíràn. Nítorí náà, a kò lè sọ pé ohùn ẹ̀rọ kan dára láì sọ ibi tí a ti gbọ́ ọ.

2.0 Òdiwọ̀n Ohùn Tí Ó Dára

Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ní òdiwọ̀n tiwọn. Wọ́n ń wo bí ẹ̀rọ ṣe lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè jáde tó, àti bí híhó abẹ́ orin ṣe kéré tó. Òdiwọ̀n yìí wúlò, ṣùgbọ́n kò tó fún orin tí ìlù rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Akọrin ní kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì. Bí ohùn rẹ̀ bá tilẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, àwọn wọ̀nyí á ràn án lọ́wọ́. Ìlù kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Bí onígángan bá lu ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ohùn sílébù kejì nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti fa ohùn àárín wálẹ̀, ọkọ ìyàwó ti di ọkọ̀ ojú pópó.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a bi ẹ̀rọ ni pé: ǹjẹ́ ohùn dúró sí àyè rẹ̀? Ẹ̀yìn èyí ni kí a tó béèrè bóyá ohùn náà kún.

3.0 Àfiwé Àwọn Ẹ̀rọ

3.1 Giramafóònù

Giramafóònù alápótí tí a ń fi ọwọ́ yí kò nílò iná. Àwo rẹ̀ ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, orin ojú kan àwo tí ó wọ́pọ̀ kò sì ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Agídìgbo kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lórí rẹ̀, abẹ́rẹ́ sì ń ha. Bí ìrọ́lù inú rẹ̀ bá ń tú tán, gbogbo ohùn á jọ máa lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlọsílẹ̀ yìí ń wáyé díẹ̀díẹ̀, bákan náà fún gbogbo ohùn. Òkè kò yé ga ju àárín lọ, àárín kò sì yé ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Ìbátan láàrin àwọn ohùn ni èdè Yorùbá ń lò, kì í ṣe gíga wọn gan-an. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìlù kò bàjẹ́.

3.2 Ẹ̀rọ Kásẹ́ẹ̀tì

Philips ni ó gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963. Ní 1979, Sony mú Walkman jáde, ó sì ṣeé ṣe fún ènìyàn láti máa dá gbọ́ orin bí ó ti ń rìn lọ láàrin ọjà. Kásẹ́ẹ̀tì tí ó pójú owó ń jẹ́ kí agídìgbo hàn, ohùn rẹ̀ sì kún ju ti giramafóònù lọ dáadáa.

Ibi tí ó kù sí ni ìdúróṣinṣin. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4.76 ni téèpù rẹ̀ ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí rọ́bà tí ń yí i bá dẹ̀, tàbí tí téèpù ká jọ, ohùn á máa mì: á lọ sókè, á bọ̀ wálẹ̀, láàrin ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Onígángan pẹ̀lú a máa dẹ ọṣán kí ohùn lè yọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Olùgbọ́ kò wá ní mọ èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ onílù àti èyí tí ó jẹ́ àléébù ẹ̀rọ. Bí a bá sì ṣe ẹ̀dà láti ara ẹ̀dà, híhó á pọ̀ sí i, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á sì máa kú lọ.

3.3 Fóònù

Fáìlì MP3 tí ó jẹ́ kilobit 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlá ohun tí ó wà lórí àwo CD lọ. Ohun tí ọgbọ́n MP3 bá kà sí ohùn tí ohùn ńlá bò mọ́lẹ̀ ni ó ń yọ sọnù. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni èyí ń pa lára jù; ó lè máa dún bí ìgbà tí omi ń ṣàn lórí òkúta. Gbohùngbohùn fóònù kéré, kò lè gbé agídìgbo.

Síbẹ̀, òkúta quartz tí ń gbọ̀n lọ́gbọọgba ni ó ń darí ìyára fóònù, nítorí náà ohùn kì í mì. Gángan, tí ohùn rẹ̀ ga ju ti ìyáàlù lọ, kì í pàdánù púpọ̀. Etí ènìyàn pẹ̀lú a máa fi àwọn ohùn òkè tí ó bá ohùn kan rìn mọ ibi tí ohùn náà wà, bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá tilẹ̀ sọnù. Láàrin ariwo ọjà Fìdítì, ohùn tínrín yìí gan-an ni ó ń là á já.

4.0 Ohun Tí Ó Kan Ìwádìí

Àwọn kan lè sọ pé etí ọmọ Yorùbá tó láti tún ohun tí ẹ̀rọ bàjẹ́ ṣe, nítorí pé ó mọ òwe àti oríkì tí onílù ń lò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Etí tí ń tún nǹkan ṣe a máa fi ohun tí ó ti mọ̀ rọ́pò ohun tí onílù dá sílẹ̀. Ìlù tí ilé-iṣẹ́ Rédíò Nàìjíríà fi ṣe àmì ìdánimọ̀ jẹ́ ẹ̀rí: ìró kan náà ni, onírúurú ọ̀rọ̀ ni àwọn olùgbọ́ fi sí i. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ohùn dúró, báwo ni yóò ti rí nígbà tí ohùn ń mì?

Púpọ̀ nínú àdàkọ lítíréṣọ̀ alohùn tí ó wà nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti inú kásẹ́ẹ̀tì wá. Bí a bá fa àmì ohùn yọ láti inú ẹ̀dà tí ó ń mì, tí a sì gbé ìtumọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ̀rọ ni ó kọ apá kan ìtumọ̀ náà. Ẹni tí yóò bá ka iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀nà láti mọ̀, nítorí pé orúkọ akọrin ni ó rí, kò rí ti ẹ̀rọ.

5.0 Ìgúnlẹ̀

Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe ni à ń lu agídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Fún ijó ní alẹ́, kásẹ́ẹ̀tì tí ó pójú owó tẹ́ ènìyàn lọ́rùn ju fóònù lọ, nítorí agídìgbo tí ó ń gbé jáde. Fún àdàkọ ọ̀rọ̀ ìlù, fóònù ni ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù, bí ó tilẹ̀ gbẹ létí, bí orísun fáìlì rẹ̀ kì í bá ṣe kásẹ́ẹ̀tì tí ó ń mì. Ó yẹ kí olùṣèwádìí sọ irú ẹ̀rọ tí ó lò àti irú ẹ̀dà tí ó gbọ́, kí ó gbọ́ orin náà lórí ẹ̀rọ méjì ó kéré tán, kí ó sì gbé ibi tí iyèméjì bá wà lọ sọ́dọ̀ onílù kí ó tó fi àmì sórí ọ̀rọ̀.